Agolo Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ratri fi àyà lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àlàfo tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri, ó ń fi ìka tọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹni ń tọ ipa èèrà. Eruku ti bo ìbòrí rẹ̀. Kò bìkítà. Ó ti gun òpó ìta, ó ti fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú wáyà wọlé, ó dára. Ó ti gé ìsopọ̀ tó wà lábẹ́ òrùlé, ó sì ti tún un so. Ìwé kékeré tó wà lápò rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: láti ìta wọlé, má fo ìgbésẹ̀ kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń tún íńtánẹ́ẹ̀tì ilé onílé ṣe káàkiri àwọn òkè Gunungkidul, kò sì fo ìgbésẹ̀ kan rí.

Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin ni wọn yóò gé irun ọmọ.

Wigati, ìyá ọmọ náà, dúró tì í, ó gbé ọmọ lé èjìká. Ọmọ pé ọjọ́ márùndínlógójì lónìí, ọjọ́ selapanan rẹ̀, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sún síwájú. Pamuji, bàbá rẹ̀, ń dáná nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Oyún ṣì wà ní oṣù márùn-ún nígbà tó kúrò nílé, fọ́tò nìkan ló sì fi mọ ọmọ. Ọkọ̀ rẹ̀ wà ní èbúté Busan lónìí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò ṣí lọ sójú agbami fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, kò sì ní sí ọ̀nà tó lè gbà pe ilé. Ó ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi ẹnu ara òun pe orúkọ ọmọ náà sí i létí. Òkè ló yí abúlé náà ká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dé ibẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé nìkan ni wọ́n gbójú lé, ó sì ti di ọjọ́ márùn-ún tó ti kú.

"Mbak Ratri," ni Wigati wí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, "ṣé ó máa ṣeé ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ kàn fi ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ ni."

"Tí mo bá parọ́ fún yín, ṣé irọ́ yẹn ló máa gbé ojú ọkọ yín wá?"

Wigati rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹnu júwe agolo bísíkíìtì ńlá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ jẹ nǹkan nígbà náà. Rempeyek wà nínú agolo yẹn, ìpápánu ẹlẹ́pà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí mo ń fi lọ̀ yín."

"Mi ò kì í jẹun lẹ́nu iṣẹ́."

Kò sí ilé tí kò ní irú agolo bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà, kò sì sí èyí tí bísíkíìtì wà nínú rẹ̀. Ratri ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Mbah Sumiyem, ìyá àgbà ilé náà tó bí Pamuji, ti ilé ìdáná jáde, àgbọn rírin kún ọwọ́ rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Íńtánẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n mi ń ṣiṣẹ́. Àná ni mo wo ìyàwó burúkú tó ń bu májèlé sí ọbẹ̀ ìyá ọkọ ẹ̀. Wigati náà jókòó, ó ń wò ó dáadáa. Mi ò tíì mu ọbẹ̀ ẹ̀ láti àárọ̀."

"Mbah!" ni Wigati pariwo.

Ratri dìde jókòó. "Inú íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti wò ó, Mbah?"

"Àbí inú kànga?"

Ratri wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Wáyà kan ti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí wáyà ń gbé ń dé, ohun tó yẹ kó gba inú afẹ́fẹ́ lọ sínú fóònù ni kò dé. Kò sí ohun tó ṣe òpó, kò sí ohun tó ṣe ìsopọ̀. Odindi wákàtí kan ló fi ṣòfò lórí àkàbà, tẹlifíṣọ̀n ò sì ní ojú tí Pamuji lè fi rí ọmọ rẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀.

"Mbah, níbo ni ráútà wà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé?"

"Ó wà níbi tí mo fi í sí."

"Ibo lẹ fi í sí?"

"Ibi tí ọmọńlé ò lè dé." Mbah nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ọmọńlé wọ inú ti tẹ́lẹ̀, ó yan síbẹ̀ bí ẹja, ẹ̀rọ náà sì kú. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Èmi ni. Wọ́n ní mi ò bò ó. Èyí tí wọ́n gbé wá, mo bò ó. Ọjọ́ tí Wigati gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ni mo tọ́jú ẹ̀."

Ratri gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Wáyà tó ń fi ìka tọ̀ kò lọ sísàlẹ̀ rárá. Ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù gòkè. Ratri dìde, ó na ọwọ́, ó ṣí agolo.

Ráútà náà nìyí nínú òkùnkùn, wọ́n fi àjákù aṣọ bàtíìkì wé e bí ọmọ tuntun, iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó gbóná bí gbágùúdá sísun.

"Mo lu ihò sí i lẹ́yìn fún wáyà," ni Mbah wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Iṣẹ́ yín mọ́, Mbah. Ṣùgbọ́n irin ni. Ẹ̀rọ yìí ń pe fóònù, ẹ sì ti dé e mọ́nú ìkòkò. Ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Rempeyek wá dà?" ni Wigati béèrè.

"Inú ìkòkò ìrẹsì. Ìwọ lo máa ń wá nǹkan tí kò sọnù." Mbah wá kọjú sí Ratri. "Nduk, ọmọ mi, ta ni wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó kọ̀? Ká ní o ti jẹ ẹyọ kan ṣoṣo, o ò bá ti rí i kí o tó gun òpó."

Lókè àjà, ọmọńlé kan dún: cek-cek-cek.

"Òun náà ní òótọ́ ni," ni Mbah wí.

Ratri yọ ráútà jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún orí fóònù Wigati lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Mbah di agolo rẹ̀ mú, ó ń wo àjà, Ratri sì mọ̀ pé kí òun tó délé, ráútà yóò ti padà sínú irin. Ìbẹ̀rù arúgbó náà kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ratri wọ ilé ìdáná, níbi tí wọ́n to àwọn besek, àpótí ọparun híhun tó ní ìdérí, sí de oúnjẹ àlejò. Ó mú ọ̀kan, ó gbé ráútà sínú rẹ̀, ó yọ wáyà gba igun kan, ó dé e.

"Ọparun kì í dí i lọ́nà. Ẹ fi ìka yín wò ó, Mbah."

Mbah tẹ ìhun náà káàkiri. "Ìka mi ò wọ̀ ọ́. Orí ọmọńlé ò lè wọ̀ ọ́." Ó gbé agolo sílẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ojú Pamuji yọ lórí fóònù, ó ṣì wọ aṣọ ìdáná. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, àwọn àgbà abúlé tó ti dé gé irun ọmọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kó o sínú omi òdòdó. Pamuji sún mọ́ fóònù. "Gendhis," ni ó wí. "Gendhis Rahayu." Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún, ó yí orí síbi tí ohùn ti ń wá. Pamuji fi etí aṣọ ìdáná rẹ̀ nu ojú.

"Má sunkún sínú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀," ni Mbah wí, bẹ́ẹ̀ òun náà ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ratri ń ká àjákù wáyà rẹ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, nígbà tí Wigati kọ ojú fóònù sí i.

"Mbak, ẹ ṣeun," ni Pamuji wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Kí ló bàjẹ́?"

Mbah wolẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́," ni Ratri dáhùn. "Ìyá yín tọ́jú ẹ̀rọ náà dáadáa."

Wigati so besek oúnjẹ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Ratri, ìrẹsì, ewébẹ̀ alágbọn, ẹyin sísè, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Mbah jáde pẹ̀lú agolo, ó ti kó rempeyek padà sínú rẹ̀. Ó ṣí i síwájú Ratri. Ratri mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Ó mú ẹyọ kejì. Ó fi ọwọ́ gbá eérún rẹ̀ jọ, ó jẹ ìyẹn náà, ó tẹrí ba fún Mbah, ó sì gun alùpùpù sọ̀ kalẹ̀ lọ.