Irọ́ Tí Télọ̀ Pa Nínú Igbó

Nínú ilé ọkọ obìnrin télọ̀ kan, yàtọ̀ sí Bàbá, òun nìkan ni kì í bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè wo adìẹ tí wọ́n ń pa. Òòyì á kọ́ ọ, á sì máa wá ibi jókòó. Ìdí nìyí tí Bàbá, bàbá ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ń dá lọ sígbó ọdẹ. Lọ́jọ́ tí télọ̀ sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àgbọ̀nrín, Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Ìwọ? Pẹ̀lú èékánná tó ò fẹ́ kó kán yìí?"

"Ẹ kọ́ mi ná, Bàbá. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ lé mi."

Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa gbẹ́sẹ̀ kí ewé gbígbẹ má baà dún, àti bó ṣe máa dúró kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran. Òfin kan wà tí wọ́n ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́:

"Bó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ, má yìnbọn. Dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn ọ́. Bí kò bá fi hàn ọ́, jẹ́ kó máa lọ. Má ṣe ẹran léṣe kó o wá fi í sílẹ̀ sínú ìrora."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí télọ̀ máa kọ́kọ́ dá yìnbọn, orúnkún ń dun Bàbá. Wọ́n jókòó sórí igi kan tó wó, wọ́n ní kó máa lọ síwájú díẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí i: àgbọ̀nrín pupa, ó rọra ń jẹ ewé. Ẹran náà gbórí sókè, ó yí ẹ̀yìn padà, ó fẹ́ wọgbó lọ. Télọ̀ mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ó ti ń fọkàn wo bí òun ṣe máa gbé e wọlé, bí ẹnu ṣe máa ya gbogbo ilé. Ó yìnbọn.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran náà yẹ̀, ó fìdí janlẹ̀. Kò ké rárá. Ó tiraka dìde, ó sì wọ́ ara rẹ̀ wọ inú igbó. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ewé.

"Ṣé ó bà á?" Bàbá ké láti ẹ̀yìn.

Ẹnu rẹ̀ dáhùn kó tó rò ó. "Rárá, Bàbá! Mo tàsé!"

Ó sáré lọ pàdé wọn kí wọ́n má baà dé ibẹ̀. Bàbá kò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní ní ìgbà àkọ́kọ́ tiwọn, igi ni àwọn yìnbọn sí.

Ohun tó wá dá kún ọ̀ràn ni bí Bàbá ṣe ń fi í yangàn nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá tàsé, wọ́n á ní ìbọn ni kò dáa. Ìyàwó ẹ ní òun tàsé, ó parí. Olóòótọ́ èèyàn!" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bu tíì fún un. Ó gbé tíì náà kalẹ̀, ó ní òun ti pẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún lọ sódì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹran náà á ti kú. Kò gbà á gbọ́. Oníbàárà wọlé, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kò sí wàhálà?" Télọ̀ bú sẹ́kún. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ilé lọ.

Bàbá ń fá pákó lẹ́yìn ilé. Télọ̀ kúnlẹ̀ sínú èérún igi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹran àárọ̀ yẹn, ó bà á. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo rí ẹ̀jẹ̀."

Bàbá dáwọ́ dúró, wọ́n wò ó. "Láti àárọ̀? O sì jẹ́ kí n máa fi ọ́ yangàn?"

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn fún un kí wọ́n pariwo. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n gbé ìbọn. "Dìde. Ó ṣì lè wà láàyè."

Ó wà láàyè. Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ lọ, Bàbá ń tiro, wọn ò jẹ́ kó di àwọn lọ́wọ́ mú. Ẹran náà dùbúlẹ̀ sí etí odò kékeré kan, eṣinṣin bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí wọn, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Bàbá na ìbọn sí télọ̀.

"Ẹ bá mi ṣe é, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó ṣe é, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọta àárọ̀ ti fọ́ ìfun, gbogbo inú ẹran náà ti bàjẹ́. Wọn ò rí nǹkan kan mú lọ sílé. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi sin ín.

"Kì í ṣe torí pé ọta ò bà á níbi tó yẹ ni mo ṣe ń bínú," Bàbá sọ lójú ọ̀nà. "Torí pé o fi í sílẹ̀ kójú má baà tì ọ́ ni. N óò sì bínú fún ìgbà díẹ̀."

"Ẹ̀tọ́ ni, Bàbá."

Wọ́n bínú lóòótọ́. Wọ́n ń dá a lóhùn bó bá kí wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá kan fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀ kan.

"Ṣé o ń bọ̀?"

"Ìbọn ńkọ́, Bàbá?"

"Ó wà nílé. A kàn fẹ́ lọ wo ẹran ni."

Ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé odò kékeré yẹn, télọ̀ wo ibi tí òun gbẹ́ ilẹ̀ sí, ó gbójú kúrò, ó sì tún bojú wò ó kí wọ́n tó kọjá.