Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ìyàwó mi kú.

Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún ló máa ń ṣe ìwé ìbéèrè kan tí à ń tà láti fi ra ohun èlò fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá gbà jù ló ń gba ẹ̀bùn. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kí oníkálukú fi orí ara rẹ̀ rò ó. Tọdún yìí ti jáde kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó sídìí tábìlì láti máàkì ìwé tí wọ́n dá padà. Ìbéèrè kẹsàn-án nìyí: "Ta ló ń jí ṣáájú gbogbo ará ilé, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ kankan títí ilẹ̀ fi ṣú?" Àkùkọ ni. Ìwé àkọ́kọ́ kọ "Adúmáadán." Ìkejì kọ Adúmáadán. Mo ṣí òmíràn, Adúmáadán ni.

Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe ń pe ọmọ wa kan ṣoṣo nìyẹn, èyí tó kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun ló máa ń jí wa. Láti ìgbà náà, a kì í pe orúkọ yẹn létí ẹlòmíràn.

Mo ránṣẹ́ pe àbúrò ìyàwó mi, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Òun ló máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án ní ọsibítù.

"Ìwọ lo bi í ní ìdáhùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo kàn fi ń dá a lára yá ni. Mo ń kà á, ó ń dáhùn, mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù."

"O wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé."

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ni. Àwọn náà ló fún àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n, àánú là ń ṣe, kì í ṣe ìdánwò! Wọ́n ṣáà ti ra ìwé. Ẹnì kan ò kú níbẹ̀."

Nígbà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó wolẹ̀. Kò pẹ́ tó tún gbójú sókè.

"Ṣé tèmi ló gbà jù?"

Mo da ìwé rẹ̀ dojú dé.

"Ara ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbóná bí ààrò nígbà yẹn. Èmi gan-an, kò dá mi mọ̀ mọ́. O rí i pé ó ń ṣèrànrán, o sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ."

"Mo rò pé ìdáhùn ni."

"O ò rò ó. Àwọn tí o fún náà ò rò ó. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi bí ẹni ń kọ nọ́ńbà ojúlé."

"Ẹ fagi lé ìbéèrè yẹn nìkan, Ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá da ìwé wọn nù, ta ló máa rà á lọ́dún tó ń bọ̀? Àwọn ọmọ yẹn ló máa jìyà ẹ̀."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló kó mi nírìíra jù. Síbẹ̀ mo kó gbogbo ìwé tí orúkọ náà wà nínú wọn, tirẹ̀ pẹ̀lú. N ò lè ju orúkọ ọmọ mi sí ààtàn, nítorí náà mo sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Ó fi ìbínú jáde, kò sì tíì padà wá.

Aránṣọ kan ló gba ẹ̀bùn. Kò gbà tó ìdajì. "Ìyakọ mi" ló kọ sí ìbéèrè kẹsàn-án. Ká ní ìyàwó mi rí i ni, ìbá fún un ní máàkì.

Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nìyí: awò ojú méjì, ọ̀kan ti fọ́, aṣọ iṣẹ́ funfun kan, òdòdó nínú ìkòkò, tí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín, ìbéèrè mẹ́fà fún ọdún tó ń bọ̀, tí kò kọ ìdáhùn wọn, àbúrò kan.