Àwọn Tó Ni Àkùrọ̀

"Bàbá, omi ló ń jẹ ilẹ̀ yìí. Àwa ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀."

Àkọ́bí mi ló sọ bẹ́ẹ̀ látorí katakata. Ó fẹ́ gé koríko àkùrọ̀ wa sílẹ̀ de ẹni tí yóò wá gbẹ́ kòtò lọ́la. Bí kòtò bá ti fa omi lọ, àkùrọ̀ tán nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà òjò, ẹyẹ a máa yé ẹyin sáàárín koríko. Nígbà tí òtútù bá mú nílẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn a fò wá, wọn a máa ti ẹnu gígùn bọ ẹrẹ̀, wọn a máa wá kòkòrò. Ilẹ̀ gbígbẹ le ju ẹnu wọn lọ. Àlejò tó mọ̀nà ilé ẹni, ìyàwó mi kì í tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti ìgbà tí a ti sin ín, bàtà òjò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹyẹ kì í ṣàìrí igi bà," ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

"Èyí kì í bà lé igi. Ilẹ̀ ló ń gbé."

Ó ṣíná katakata. Etí oko ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gé e yípo bí wọ́n ti ń gé oko gbígbẹ. Koríko tó kù láàárín ń kéré sí i. Ẹyẹ kan ń fò yí i lórí ká, ó ń ké, kò lọ.

Mo wọ ẹrẹ̀, mo dúró síwájú katakata.

"Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ yín pa ni?"

"Pa iná rẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀."

"Màmá ò kúkú purọ́ tí wọ́n ń pè yín ní Òkúta."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ya koríko sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ọmọ ẹyẹ tí kò tíì lè fò lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ wọn bí ẹrẹ̀. Ariwo ló ti lé wọn wọ àárín. Ọmọ mi lóṣòó tì wọ́n, ó wo ojú ẹsẹ̀ táyà.

"Àárín ni Màmá ti máa ń bẹ̀rẹ̀," ó ní, "kí wọ́n lè ráyè sá jáde."

"O mọ̀, o sì ṣe èyí?"

"Mo gbàgbé ni, Bàbá."

"Èmi ò gbàgbé. Kòtò ò ní wọbí níṣojú mi. Lẹ́yìn mi, ìwọ ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fa fóònù yọ, ó pe agbẹ́kòtò.

"Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́. Rárá, n ò gbéṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn tó nilẹ̀ ló wà nílé."

Nígbà tí mo délé, mo fọ bàtà mi, mo gbé e ti ti ìyàwó mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni n óò ti mú un láàárọ̀, tí mo bá ń lọ wo àkùrọ̀.