Ta Ni "A"?

Nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí wọ́n ti tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan ṣe. Bàbá rẹ̀ lè dá jókòó ti àpótí kan títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó, kó gé e, kó fá a, kó kàn án, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé, ohun tí yóò sọ ni pé, "A ti bá yín parí ẹ̀." Ẹni tó bá a di etí pákó mú wà nínú "a" yẹn. Ẹni tó bá a tan iná sí i wà níbẹ̀. Ẹni tó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá a tàkúrọ̀sọ, bàbá á kà á mọ́ ọn. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ọ̀nà míì wà tí ẹnu ń gbà ròyìn iṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tó wọ yunifásítì, tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í kọjá etí ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó lè gbàwé ẹ̀rí, oníkálukú gbọ́dọ̀ wá iléeṣẹ́ kan tí yóò ti kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò bá ríbi kọ́ṣẹ́, ilé ni yóò jókòó sí títí ọdún yóò fi yípo, àwọn tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n yóò sì wá di ẹgbẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń múra wọn sílẹ̀ fún èyí, Àǹtí Gbójúsókè ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ agbanisíṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wojú àgbà tí kò fi ní dà bí àfojúdi, ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kórìíra jù láyé ni "a". Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dìde tó ní a ṣe báyìí, a ṣe tọ̀hún, Àǹtí á fi rúlà na tábìlì gbàà.

"Ta ni 'a'? Àbí o gbé ìbejì ẹ pamọ́ sápò?"

Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ni rúlà yẹn dún fún jù. Á padà sí yàrá, á dúró síwájú dígí, á máa sọ ọ́: mo wá a rí, mo tú u, mo tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń rìn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ fi yangàn wà nílẹ̀ o. Ẹ̀rọ ìfami àtijọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wọn tó máa ń bú ramúramù láìfa ẹ̀kán omi kan. Gbogbo ẹni tó gbọ́wọ́ lé e ló gbọ́wọ́ kúrò. Jẹ́jẹ́ ho ọṣẹ, ó ń fi ìfófòó rẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń wò ó. Níbi kan, ìfófòó náà wọlé ṣín-ín bí ẹni pé wọ́n fà á mu. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó gé rọ́bà lára túúbù táyà, ó fi dí i, omi sì tú jáde yàà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀ wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfami wá ní àwọn fẹ́ gba ẹnì kan. Àyè ibòmíràn ti kún. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ránṣẹ́ pè, yàrá kan náà ni ọ̀gá, ìyá arúgbó kan tó so ìgò ojú mọ́rùn, sì mú wọn jókòó sí. Ó ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ṣe rí.

Gbajúmọ̀ ló kọ́kọ́ gba ẹnu. Ó ròyìn ẹ̀rọ náà, ọṣẹ nìkan ni kò rántí. Mo tú u, mo dí i, mo gbé omi jáde. "Mo" ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Jẹ́jẹ́ ń retí ibi tí yóò ti darúkọ òun. Kò dé ibẹ̀. Nígbà tó kan Jẹ́jẹ́, kò lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónírọ́ níwájú àgbà.

"A jọ ṣe é ni, mà."

"Ta ni 'a'?" ni ọ̀gá béèrè.

"Èmi àti òun, mà."

"Òun ti ní òun lòun ṣe é. Kí ni ìwọ wá ṣe níbẹ̀?"

Kó tó la ẹnu, Gbajúmọ̀ ti bá a fèsì, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń ṣoore. "Ó bá mi mú tọ́ọ̀ṣì, mà. Ó gbìyànjú gan-an."

Gbajúmọ̀ ni wọ́n gbà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ròyìn fún Àǹtí Gbójúsókè, Àǹtí mi orí. Ó ní ṣebí òun kìlọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí Gbajúmọ̀ wá bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà.

Jẹ́jẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá kò bi í léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó gbé pákó lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn bàbá fa odindi ilẹ̀kùn kan lé e lọ́wọ́. Òun nìkan ló wọ̀n ọ́n, tó gé e, tó fá a.

Ọjọ́ tó nu lẹ́búlẹ́bú pákó tó kẹ́yìn kúrò lára ilẹ̀kùn náà ni fóònù dún. Gbajúmọ̀ ni. Ariwo ẹ̀rọ ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fara pamọ́.

"Jẹ́jẹ́ mi, jọ̀ọ́, ọ̀gá ń bọ̀ wá wò mí. Kí la fi sójú páìpù ọjọ́sí? Báwo la ṣe ṣe é?"

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ.

"Ta ni 'a'?" ló wí, ó sì pa fóònù.

Ìyá tó ni ilẹ̀kùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá bá ọmọ rẹ̀ gbé e síta, ó di etí kan mú, ọmọ di etí kejì. Ìyá náà ń fọwọ́ pa á, ó ń yìn ín. Inú bàbá dùn.

"A ti bá yín parí ẹ̀ o," ni bàbá wí.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ohùn rẹ̀ ròkè, ó gún régé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bàbá rọra yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, gbogbo ìwúwo ilẹ̀kùn náà sì bọ́ sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.