Nọ́ọ̀tì Mẹ́fà Abẹ́ Ọkọ̀ Tàjúdéènì

Bí Ìyápọ̀ bá jó irin pọ̀, ó parí nìyẹn. Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣe wẹ́dà lẹ́bàá títì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó nọ́ọ̀tì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi nọ́ọ̀tì de irin kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ ṣe.

Oníbàárà rẹ̀ tó ń wá jù ni Tàjúdéènì, awakọ̀ tó ń gbé àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí Ìwéré-Ilé lọ́jọ́ Àlàmísì láti fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àkópọ̀ ni bọ́ọ̀sì rẹ̀, ara ọ̀tọ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀. Kò sí sàlẹ́ńsà ọjà tó bá a mu, Ìyápọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe páìpù èéfín rẹ̀ láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ìrù ọkọ̀. Páìpù náà rọ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, àpáta kan yọrí láàárín ọ̀nà kí wọ́n tó dé Ìwéré-Ilé, kò sì síbi tí ọkọ̀ lè yà sí. Ibẹ̀ ni páìpù ti máa ń já, tí wọn yóò máa wá wáyà tí wọn yóò fi so ó. Tó bá wá di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Tàjúdéènì á wa ọkọ̀ rẹ̀ tó ń ké tantan dé ọ̀dọ̀ Ìyápọ̀. Iṣẹ́ náà kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí di ìrun Aláásárì.

Láti ìgbà tí ìyàwó Ìyápọ̀ ti kú, tí Mọ́nsúrù ọmọ wọn sì ń gbé ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ gidi tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Jímọ̀ kan, Tàjúdéènì dé, ojú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá Mọ́nsúrù, nọ́ọ̀sì Misturat ní bí ọkọ̀ mi bá tún fi àwọn sójú ọ̀nà, àwọn á gba ọkọ̀ mìíràn. Ẹ bá mi gé páìpù yìí sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n lè tú ti àárín kí n tó gun àpáta, kí n sì dè é padà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi ṣe é."

"Nọ́ọ̀tì?"

"Nọ́ọ̀tì, sà."

Ìyápọ̀ pòṣé, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó gé etí mẹ́rin tí nọ́ọ̀tì yóò dè pọ̀ láti ara irin pẹlẹbẹ tó nípọn, méjì fún oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ó de méjì méjì pọ̀ kó tó fi dírílù lu ihò mẹ́ta sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ihò má baà ṣìnà. Ó tún fi bóòtù dì wọ́n mú kó tó jó wọn mọ́ ẹnu páìpù, torí iná máa ń lọ́ irin tí kò sí ohun tó dì í mú. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn kí èéfín má baà jò. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, èéfín kò yọ níbì kankan. Inú Ìyápọ̀ dùn, ó sì yà á lẹ́nu pé inú òun dùn.

Tàjúdéènì mú sípánà, ó tú u, ó dè é padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"A bọ́ nìyẹn! N kò ní máa yọ yín lẹ́nu mọ́ ní gbogbo Jímọ̀."

Ó sọdá sí mọ́ṣáláṣí lọ kírun. Ìyápọ̀ ṣẹ́kù òun nìkan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Ó ní ọ̀nà yóò gbọ̀n wọ́n tú. Ó ní olè lè tú wọn. Ó gbé ìbòjú rẹ̀ bojú, ó sì jó irin díẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣeé tú, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe sí nọ́ọ̀tì géètì àwọn èèyàn. Kí Tàjúdéènì tó dé, irin ti tutù.

Ní Àlàmísì, Tàjúdéènì ní kí Ìyápọ̀ wá wo bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe ṣiṣẹ́. Kò rí àwáwí kankan ṣe, ó jókòó síwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì Misturat. Láti Ṣakí ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tó jó náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò bọ́ títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ àpáta.

Tàjúdéènì wọ abẹ́ ọkọ̀. Sípánà yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ jó o?"

"Díẹ̀ ni."

Ìyápọ̀ gba òòlù àti ṣísù tí wọ́n fi ń gé irin, ó wọlé sábẹ́ ọkọ̀, ó ń gbẹ́ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Lẹ́yìn wákàtí kan, nọ́ọ̀tì méjì péré ló ṣí. Misturat wo yìnyín tó ń yọ́ nínú àpótí abẹ́rẹ́, ó wo aago, ó dá ọ̀kadà dúró. Kó tó gun ọ̀kadà náà, ó ti pe ọ́fíìsì. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí eruku ọ̀kadà náà rọlẹ̀, Tàjúdéènì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi jó o?"

Ìyápọ̀ kò jáde síta. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti dáhùn.

"Mo rò pé tí o bá lè tú u fúnra rẹ, o ò ní wá mọ́."

Tàjúdéènì kó sípánà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ dé Ṣakí.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, Ìyápọ̀ kò retí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun ni Tàjúdéènì fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ìyápọ̀ sáré sọ̀rọ̀.

"Gbé ọkọ̀ wá. Mo lè gé etí mìíràn."

"Wọ́n ti gba ọkọ̀ mìíràn. Inú ṣì ń bí mi sí yín, Bàbá Mọ́nsúrù. Ó ń bí mi gan-an ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sún díẹ̀, kí n ríbi jókòó."