Tùràrí Àlàmísì

"Mú ìyókù wá," ni Ìyá wí, kò yíjú kúrò níbi èéfín. "Hìjáàbù rẹ kò tíì dé ọwọ́ mi."

Fìrdáúsì na hìjáàbù náà sí i. Ìyá tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn agbọ̀n tí ó dojú dé ìkòkò tùràrí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí kò fi sí ibi tó wúnjọ mọ́ lára rẹ̀. Ẹyin iná pupa wà nísàlẹ̀. Èéfín ń gba àárín ọparun agbọ̀n yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ inú aṣọ, ó ń jáde padà, àfi bí ẹni pé aṣọ náà ń mí. Ọyẹ́ ti bo òde. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó gba ojú fèrèsé wọlé funfun bí wàrà tí wọ́n bu omi là, ìyàrá sì pa rọ́rọ́ bí ìsàlẹ̀ odò.

Iṣẹ́ Ìyá nìyí ní gbogbo Àlàmísì, kí ilẹ̀ Jímọ̀ọ́ tó mọ́. Òun ni ìyá Abdulhaleem, ọkọ Fìrdáúsì. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, Ọjà-Ọba ni ó ti ń ta tùràrí, kò sì sí igi, oje tàbí òróró olóòórùn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Nítorí náà ni ó ṣe po tùràrí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé lọ́tọ̀, tí ọ̀kan kò fi jọ èkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Fìrdáúsì wọlé bí ìyàwó, Ìyá ti po tirẹ̀ sílẹ̀ dè é.

"Tìrẹ nìyí," ni ó wí fún un lọ́jọ́ náà. "Bí o bá ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti gbọ́ ọ."

Imú ni Ìyá fi ń gbọ́. Yorùbá kì í kúkú wo òórùn. Gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Fìrdáúsì dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀ ń yún un, ọrùn rẹ̀ ń yún un. Ó mọ́kàn le, kò họ ọ́. Bí ó bá họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ, ó wá pọ́n, ó wá le bí awọ bàtà. Fìrdáúsì gbà pé ìdọ̀tí ni, ó sì gbógun tì í bí ẹni tí a kọ́ ní ìmọ́tótó dáadáa. Ó ń se omi títí yóò fi máa hó, ó ń da detó apakòkòrò sí i títí yóò fi funfun, ó ń fi ọṣẹ olóòórùn àti kànìnkànìn bó ara rẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu. Níwọ̀n ìgbà tí omi gbígbóná bá wà lára rẹ̀, ó dùn bí oorun òwúrọ̀. Bí ara bá gbẹ tán, iná ni. Lẹ́yìn náà yóò wọ súwẹ́tà onírun lé e nítorí òtútù. Bí oòrùn bá wá mú nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń rán hìjáàbù, òógùn yóò bo ara rẹ̀ lábẹ́ súwẹ́tà náà, ìyún yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nafisah, ẹ̀gbọ́n Abdulhaleem obìnrin, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ. Abọ́ ńlá kan ni gbogbo obìnrin ilé náà máa ń jẹun nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́. Ọwọ́ Fìrdáúsì ti fẹ́ kan oúnjẹ nígbà tí Nafisah rí apá rẹ̀.

"Ìyàwó, èkúrú nìyí," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n èkúrú kì í jókòó sójú kan, ó ń ràn. Bu tìẹ sọ́tọ̀."

Fìrdáúsì bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó lọ jókòó sẹ́bàá ògiri. Kò pẹ́ tí Ìyá fi gbé orí sókè. Ó ní ọwọ́ kan dín nínú abọ́ náà, ta ni kò jẹun? Nafisah yára dáhùn pé ìyàwó ń gbààwẹ̀ ni.

"Ààwẹ̀ Jímọ̀ọ́ nìkan?" ni Ìyá bi í. "Nafisah, ta ló kọ́ ọ ní kéú?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé a kì í ya Jímọ̀ọ́ nìkan sọ́tọ̀ fún ààwẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá. Fìrdáúsì kò rẹ́rìn-ín. Bí a bá ya abọ́ obìnrin sọ́tọ̀ nínú ilé ọkọ, a ti ń ya òun fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo ara rẹ̀, ó kọ òògùn ìpara fún un, ó sì ní kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni nọ́ọ̀sì náà, Olúwakẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Ó ní èyí kì í ṣe èkúrú. Ẹ́kísímà ni, kì í sì í ràn. Awọ ara tí kì í gba ìyà ni, bí ohun kan bá ti tọ́ ọ, yóò bínú. Ó wá bèèrè bí Fìrdáúsì ṣe ń wẹ̀. Fìrdáúsì sọ ti omi híhó, ti detó àti ti kànìnkànìn.

"Ṣé ẹran lẹ jẹ́ ni, tí ẹ fi ń se ara yín?" ni Olúwakẹ́mi wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fìrdáúsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ó ní kí ó máa lo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn, kí ó má pẹ́ nínú omi, kí ó fi táwẹ́lì tẹ ara jẹ́ẹ́ láì nù ún, kí ó sì fi òrí pa á kí omi tó gbẹ tán. Kí ó wọ aṣọ òwú sábẹ́ súwẹ́tà. Kí ó gé èékánná rẹ̀. Bí ìyún bá dé, kí ó fi aṣọ tí a rẹ sómi tútù lé e, títí yóò fi lọ.

"Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ló máa ń le jù?"

Fìrdáúsì fẹ́ sọ pé ojoojúmọ́ ni. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Jímọ̀ọ́."

"Kí lẹ máa ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tí ẹ kì í ṣe lọ́jọ́ mìíràn?"

Ó wo ògiri. Lójú ògiri funfun náà, ó rí èéfín tó ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó rí àtẹ́lẹwọ́ arúgbó tó ń na aṣọ.

"Aṣọ tí èéfín tùràrí ti wọ̀ ni mo máa ń wọ̀," ló fèsì.

Abdulhaleem gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nírọ̀lẹ́, nígbà tí ó ti Malete tó ti ń kọ́ni dé. Ó jókòó sójú kan, kò bọ́ bàtà.

"Má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá gbọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Wọ aṣọ mìíràn níkọ̀kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún wa nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni Fìrdáúsì ṣe. Bí Àlàmísì bá dé, yóò gba aṣọ olóòórùn náà, yóò dúpẹ́, yóò dì í mọ́ inú ọ̀rá, aṣọ òwú tí ó ṣan ní àṣanmọ́ ni yóò sì wọ̀. Ó fi omi wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, ó fi òrí pa ara, ó fi òògùn dókítà sí i. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Oorun tí ó ti sá fún un padà wá bá a, oorun tí ó gbé e bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gbé èèyàn, láìsí ìró.

Ní Jímọ̀ọ́ kan, ó wọ yàrá Ìyá láti kí i. Ọyẹ́ ti há a lóhùn.

"Sàlámù aleikun," ni ó wí.

"Aleikun sàlámù," ni Ìyá dáhùn, ó sì tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ẹ jókòó. Ẹ má bínú, ojú mi ni kò ríran. Ta ni yín?"

Ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ náà gbá Fìrdáúsì láyà. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé yìí, "ìwọ" ni Ìyá ń pè é, bí a ti ń pe ọmọ ẹni.

"Bó bá jẹ́ ìyàwó mi lẹ wá kí," ni Ìyá ń bá a lọ, "n kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n rò pé n kò mọ̀. Bóyá ó ti bínú lọ sílé wọn."

Fìrdáúsì kúnlẹ̀. Ó rántí ohun tí Abdulhaleem sọ. Ó tún wo ojú tí kò rí i yìí.

"Ìyá, èmi ni. Mo wà ńlé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ìyún, ti nọ́ọ̀sì, ti aṣọ inú ọ̀rá. Ìyá sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó wá apá Fìrdáúsì kàn, ó rọra fi ìka tọ kọ̀rọ̀ ìgúnpá náà, níbi tí awọ ti le tí kò tíì padà bọ̀ sípò.

"O mọ̀, o wá ń wò mí tí mo ń yan ọ́ bí ẹja," ni ó wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyá. Kí ẹ má rò pé mo kọ ọwọ́ yín."

"Èéfín nìyẹn," ni Ìyá wí. Ó di apá náà mú. "Ọwọ́ mi nìyí."

Kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé abọ́ ńlá wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fa ọwọ́ Fìrdáúsì wọ inú oúnjẹ. Nafisah la ẹnu.

"Kì í ràn," ni Ìyá sọ kí ó tó sọ̀rọ̀. "Bí ó bá ń ràn, èmi ni yóò kọ́kọ́ ràn. Jẹun, Nafisah, àbí ìwọ náà ń gbààwẹ̀ Jímọ̀ọ́?"

Nafisah jẹun.

Nígbà tí Àlàmísì mìíràn pé, Fìrdáúsì wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì fi òrí pa ara rẹ̀ kí omi tó gbẹ tán. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí yàrá Ìyá. Ìkòkò tùràrí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn àgbàlá, fún ẹni tí ó bá fẹ́ tirẹ̀. Agbọ̀n náà ti dojú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àlùbọ́sà ni ó kún inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ funfun bí ti àtijọ́. Ìyá jókòó sínú rẹ̀, ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Fìrdáúsì dúró. Kò tíì kí i. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro.

Ìyá fa imú díẹ̀, ó fara balẹ̀, bí ẹni tí ń ka ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

"Òrí," ni ó wí. "Wọlé, Fìrdáúsì. Mo ti gbọ́ ọ."