Ìwẹ̀nùmọ́ Ilé ní Ọ̀fàtẹ̀dó

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Àdúràgbèmí, àbúrò rẹ̀, sí Ìbòkun, Ọláfúnkẹ́ ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó ń sunkún. Omijé gan-an kọ̀, kò wá. Á lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní sẹkitéríátì, á kí ènìyàn, á padà sí Ọ̀fàtẹ̀dó nírọ̀lẹ́, á jókòó, á máa wo ògiri. Abọ́ kún inú kíṣìnnì. Eruku bo tẹlifíṣọ̀n. Yàrá tí Àdúràgbèmí kú sí, ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kọ́ládé ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Ìwàràjà, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Barnabas, olórí àwọn obìnrin ìjọ wọn, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lédè Òyìnbó pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé láti wá 'cleanse' ilé rẹ̀. Lójú Ọláfúnkẹ́, 'clean' náà ni, wọ́n kàn gbé agbádá wọ̀ ọ́ ni, bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ ṣe máa ń kọ 'commence' níbi tí 'start' ti tó. Ó fèsì pé, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo nílò rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ó kó ìgbálẹ̀, ọṣẹ, àkísà àti báàkẹ́ẹ̀tì omi sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn obìnrin náà dé pẹ̀lú aṣọ funfun. Wọ́n yà fún báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọlé. Ọláfúnkẹ́ na ìgbálẹ̀ sí Màmá Barnabas.

"Kí lèyí wà fún?"

"Ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá bá mi tún ilé ṣe, mà."

Obìnrin náà wò ó tàánú-tàánú. "Ọmọ mi, a ò kọ 'clean'. 'Cleanse' la kọ. Ẹ̀mí ikú tó wọlé yìí la fẹ́ lé jáde."

"Ó ti yé mi, mà," ni Ọláfúnkẹ́ wí. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

Wọ́n ṣí yàrá Àdúràgbèmí. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn wọn fi há, wọ́n ta òróró sí gbogbo igun, wọ́n ta á sí àárín ilẹ̀ pẹ̀lú. Ọláfúnkẹ́ ṣe àmín níbi tó yẹ. Kò bínú, inú rẹ̀ ò sì dùn. Ńṣe ló dà bíi pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Màmá Barnabas dì mọ́ ọn, ó ní ilé ti mọ́ báyìí. Eṣinṣin ń kùn lórí abọ́.

Bó ṣe padà dé yàrá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú òróró, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó di ìlẹ̀kùn mú. Ó rò ó pé Kọ́ládé lè gba ibẹ̀ kọjá, kó ṣubú. Ó mú àkísà, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ilẹ̀. Òróró ò tán bọ̀rọ̀. Ó da ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Ó rí sálúbàtà Àdúràgbèmí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó nù ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Síbẹ̀, omijé ò wá.

Nígbà tí Kọ́ládé dé, òórùn ọṣẹ ló pàdé rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti wá 'clean' ilé?"

"Wọ́n 'cleanse' ẹ̀ ni. Èmi ni mo 'clean' ẹ̀."

Kọ́ládé ò béèrè ìyàtọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó lọ kojú àwọn abọ́. Ọláfúnkẹ́ jókòó, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ebi ń pa á, irú èyí tí kò tíì pa á láti ọjọ́ ìsìnkú.